Ẹni Tó Gun Ẹṣin, Ilẹ̀ Ló Ń Bọ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọkọ̀ Tí A Rẹ̀ Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá ní alẹ́ òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó orí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni, ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ra ọkọ̀ tí ó dúró gangan lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ti dá a, tí wọ́n sì fárígá pé àfi kí àwọn rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí ó lè fi ikùn sún mọ́ ọ̀dà títì bí alángbá tó ń yáàrùn.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, bí mo ti ń jáde ní ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ rédíò yìí, ọmọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rẹ ọkọ̀ mi sílẹ̀, ṣùgbọ́n màmá mi ni mo máa ń gbé lọ sí Tchamba lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ra iṣu, báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí wọn kò fi ní kọ̀ láti wọ̀ ọ́ mọ́?” Mo wo ọmọ náà, mo wo ọkọ̀ náà, Toyota Corolla kan báyìí tí ó ti sin òyìnbó dé ibi tí òyìnbó fi sú u, kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí èbúté Lomé, kí ó sì tó gòkè wá bá wa; mo sì rí i pé ìbéèrè rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lọ, nítorí pé ó ti fi ìyá rẹ̀ sínú ọkọ̀ náà kí ó tó fi ẹwà sí i. Òun ni mo ń dá lóhùn ní alẹ́ òní. Ẹ̀yin yòókù, ẹ bá wa gbọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wí nínú ara wọn pé, lórí irú ọ̀nà tí a ní yìí, ta ni orí rẹ̀ pé tí yóò rẹ ọkọ̀ sílẹ̀? Ẹ ṣe sùúrù. Ìfẹ́ kí nǹkan ìgùn rẹwà kì í ṣe ohun tí àwọn ọ̀dọ́ òní bí. Ilẹ̀ Tem tí a wà yìí mọ ẹṣin, ó sì mọ bí a ti ń ṣe ẹṣin lọ́ṣọ̀ọ́. Ní ayé ọba wọn, Uro Djobo, ní Paratao, ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹṣin àti àwọn jagunjagun tí ń gùn ún wà lára ohun tí ìjọba Tchaoudjo fi ń fẹlá, kò sì sí ẹlẹ́ṣin tí yóò gun ẹṣin tí a kò dì ní gàárì tó dára jáde lọ́jọ́ ọdún. Àwọn àgbà wa ní ìwọ̀n ni kí ẹni tí a gbé gun ẹlẹ́dẹ̀ yọ̀ mọ, ẹni tó gun ẹṣin pàápàá, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n fi òwe náà bá wí, ìgbéraga ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n yí i díẹ̀, kí n fi sọ ti ọkọ̀: gbogbo ẹni tó gun nǹkan ni ilẹ̀ ń fà, ohun tó sì ya ẹlẹ́ṣin kúrò lára ẹrù tí a dì mọ́ ẹ̀yìn ẹṣin ni pé ẹlẹ́ṣin a máa fi orúnkún àti ìbàdí gba ilẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ẹrù ń gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ orúnkún ni sípíríǹgì ń ṣe lábẹ́ ọkọ̀, iṣẹ́ ìbàdí sì ni ṣọ́ọ̀kù, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa tó kọ́ṣẹ́ ní Faransé ń pè ní amọtisọ̀, ń ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ ọkọ̀ sílẹ̀, orúnkún àti ìbàdí ọkọ̀ náà ni ó fẹ́ fọwọ́ kàn.

Àwọn mìíràn ti ṣe é ṣáájú wa. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn ọ̀dọ́ tí baba wọn ti Mẹ́síkò wá sí Los Angeles a máa kó àpò yanrìn sínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ wọn kí ìdí rẹ̀ lè wọlẹ̀, wọ́n a sì rọra máa wà á kiri àdúgbò ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú bí ọba tó ń yan. Nígbà tó yá, ìjọba Kalifóníà ṣe òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1958, pé ara ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju etí ìsàlẹ̀ rímù rẹ̀ lọ. Ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ron Aguirre kò bá òfin jà. Ní ọdún 1959 ó mú ẹ̀rọ tí ń fi epo ti nǹkan nínú ọkọ̀ òfuurufú, ó dè é mọ́ Corvette rẹ̀, bí ó bá rí ọlọ́pàá lọ́ọ̀ọ́kán, ọkọ̀ rẹ̀ a dìde dúró, bí ọlọ́pàá bá kọjá, a tún lúgọ. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn. Ṣùgbọ́n títì Los Angeles tẹ́jú, ìyá Aguirre kò sì ra iṣu ní Tchamba.

Ìlú ọ̀nà ni Sokodé tí a wà yìí. Ojú irin tí ó ti Lomé gòkè wá kò kọjá Blitta, nítorí náà láti ayé àwọn baba wa ni ó ti jẹ́ pé ohun gbogbo tí ń wọ ìlú yìí, orí ẹsẹ̀ rọ́bà ni ó ń gbà wọ̀ ọ́. Títì ńlá tí ó ti Lomé wá, ìrìn nǹkan bí kìlómítà 340, gba àárín wa kọjá lọ sí Kara àti sí Cinkassé ní ẹnubodè Burkina Faso, àwọn ọkọ̀ àjàgbé tí ń ru ẹrù lọ sí ilẹ̀ àwọn tí kò ní òkun sì ń tẹ̀ ẹ́ tọ̀sán-tòru, débi pé ibi tí táyà wọn ń gbà a máa jin bí ipa omi, àárín a sì máa yọ gẹ̀gẹ̀. Bí o bá dorí kọ àríwá, ó di ọ̀nà òkè Alédjo, níbi tí wọ́n ti la àpáta sí méjì kí ọkọ̀ lè kọjá láàárín rẹ̀. Bí o bá dorí kọ ìlà-oòrùn, ó di Tchamba, nǹkan bíi kìlómítà 36. Bí o bá sì ti yà kúrò lórí ọ̀dà wọ inú àwọn abúlé, erùpẹ̀ pupa ni, tó lẹ̀ bí amọ̀ lójò, tó sì wú kékeré kékeré bí ẹ̀yìn ọ̀nì lẹ́ẹ̀rùn. Má sì jẹ́ kí n gbàgbé àwọn òkìtì tí wọ́n mọ sójú títì láti pa eré ọkọ̀, èyí tí Faransé pè ní ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, tí àwọn ọmọ ìgboro sì pè ní ṣọ́jà tó sùn. Àwọn kan nínú wọn kò sùn rárá, ìdúró ni wọ́n wà. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí ọkọ̀ rẹ yóò ti rẹlẹ̀ tó, àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ni yóò sọ ọ́, kì í ṣe àwòrán ọkọ̀ tí o rí lórí fóònù.

Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí ti jẹ níbẹ̀ rí. Nígbà tí ọjọ́ orí mi kò tíì mú mi gbọ́n, mo ní Carina kan, mo sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tí n kò ní dárúkọ, ẹni tó fi ẹ̀rọ ìgérin rẹ́ òrùka kan ààbọ̀ kúrò lára sípíríǹgì iwájú kọ̀ọ̀kan, tó sì fi iná wẹ́dà yọ́ ti ẹ̀yìn títí wọ́n fi jókòó wọlẹ̀ bí ìyá àgbà tó rẹ̀. Ọkọ̀ náà dára lójú, n kò ní purọ́. Ní ọjọ́ kìíní, gbogbo ẹni tó wà ní ibùdókọ̀ ló ń jùwọ́ sí mi. Ní ọjọ́ kẹta mo gbé ìyàwó mi, àbúrò rẹ̀, àwọn ọmọ méjì àti ìlàjì àpò àgbàdo sínú rẹ̀, a ń lọ sí ilé wa ní Kambolé. Láti ibi tí a ti kúrò nílé ni ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ti ń dún gbòlà, gbòlà, bí ẹni ń fi ọmọ odó gún pẹpẹ. Àwọn ọmọ kò lè sùn, àgbàdo tú, nígbà tí a sì dé Tchamba, ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ kan, ó pe ọlọ́kadà kan, ó gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ sí Kambolé. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, bí mo ti fi jáàkì gbé ìdí ọkọ̀ sókè láti pààrọ̀ táyà tó jó, sípíríǹgì ẹ̀yìn yẹ̀ kúrò níbi ìjókòó rẹ̀, ó sì bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Ògún lákáayé, Ọṣìnmọlẹ̀, tó ni irin tó sì ni ọ̀nà, ni ó yọ mí lọ́jọ́ náà.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fi ọwọ́ ẹ̀lẹ̀ tú u, ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni í rí ìfun rẹ̀. Sípíríǹgì tó ní òrùka mẹ́fà tí ń ṣiṣẹ́, bí a bá gé ọ̀kan ààbọ̀ kúrò, tí ó ku mẹ́rin ààbọ̀, yóò fi ìdá kan nínú mẹ́ta le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wa kì í ké nítorí ìyẹn nìkan. Ohun tó ń mú un ké ni pé, lábẹ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilé kékeré, láti ibi tí ọkọ̀ dúró sí jẹ́ẹ́ títí dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti lè gòkè mọ́, àyè tó wà níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10 lọ, rọ́bà kan sì wà ní ìkángun rẹ̀ tí a fi ń gba ìparí ìrìn náà kí irin má bàa kan irin. Bí a bá rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 6, a ti ná 6 nínú 8 náà kí a tó kúrò nínú ọgbà. Méjì tó kù, ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan ló ń jẹ ẹ́. Láti ibẹ̀ lọ, ọkọ̀ kò jókòó lórí sípíríǹgì mọ́, orí rọ́bà ìkángun ni ó jókòó sí, rọ́bà náà sì le ní ìlọ́po-ìlọ́po ju sípíríǹgì lọ. Èyí ni gbòlà-gbòlà tí ìyàwó mi gbọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé sípíríǹgì ọkọ̀ àwọn le jù, tí wọ́n sì ń wá èyí tó rọ̀. Rírọ̀ gan-an ni yóò tún jẹ́ kí ọkọ̀ wọn máa yára kan ìkángun. Ọkọ̀ tí a rẹ̀ sílẹ̀ níwọ̀nba, tí sípíríǹgì rẹ̀ le díẹ̀, tí kì í sì í kan rọ́bà, a máa tù ni lára ju èyí tó rọ̀ bí òwú tó sì ń kan an ní gbogbo kòtò. Èyí lòdì sí ohun tí ojú rò, ṣùgbọ́n òun ni òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà, gbogbo ohun tí mo tún máa sọ, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń jáde.

Ní ti iná tí wọ́n fi yọ́ irin, n kò ní fi ọ̀rọ̀ gùn ún. Ooru ni alágbẹ̀dẹ àwọn òyìnbó fi fún irin sípíríǹgì ní agbára tí ó fi ń tẹ̀ tí ó sì ń padà. Ẹni tó tún fi ooru bà á jẹ́ ti sọ ọ́ di irin lásán, yóò máa wọlẹ̀ lọ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi wọlẹ̀ tán. Sípíríǹgì tí wọ́n sì rẹ́ ní orí, orí rẹ̀ kò ní bá ìjókòó rẹ̀ mu mọ́. Ẹ má ṣe é.

Báwo wá ni a ṣe ń mọ̀ bí sípíríǹgì ti yẹ kí ó le tó? Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Maurice Olley, ọmọ ilẹ̀ Wales, tí ó ti bá Rolls-Royce ṣiṣẹ́ kí ó tó lọ sí General Motors ní Amẹ́ríkà, fi ìbéèrè yìí ṣe iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Ó kan ọkọ̀ ìdánwò kan tí a lè máa ṣí òṣùwọ̀n wúwo inú rẹ̀ síwájú sẹ́yìn, ó ń gbé ènìyàn sínú rẹ̀, ó sì ń bi wọ́n bí ara wọn ti rí, bí ẹni ń bi olóbìnrin méjì léèrè ọbẹ̀. Ohun tó rí ni pé ara ènìyàn fẹ́ràn ọkọ̀ tó ń lọ sókè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀kan ààbọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tó sún mọ́ ìṣísẹ̀ ìyá tó pọn ọmọ tí kò kánjú. Ẹ̀yin ìyá ti mọ èyí kí a tó bí Olley: ọmọ tó ń sunkún, ẹ pọ̀n ọ́n, kí ẹ rìn. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, ọkọ̀ eléré nìyẹn. Bí ìgbọ̀nrìrì bá sì bọ́ sí ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀mẹrin títí dé ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ibẹ̀ gan-an ni ìfun àti eegun ẹ̀yìn ènìyàn ti ń mì pẹ̀lú rẹ̀, ibẹ̀ ni ara kò ti gbà á. Olley tún sọ ohun kan tí àwọn tó ń ta sípíríǹgì lónìí a máa gbàgbé: pé iwájú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀ díẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ, nítorí pé iwájú ló kọ́kọ́ ń pàdé kòtò, kí ẹ̀yìn tó pàdé rẹ̀ ó ti pẹ́ díẹ̀, bí ẹ̀yìn bá sì yára ju iwájú lọ, yóò bá a lọ́nà, àwọn méjèèjì yóò jọ máa lọ sókè sódò pọ̀, ọkọ̀ kò ní máa mi orí bí alángbá.

Sípíríǹgì tó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ àyè, ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Ọkọ̀ tó ń mì lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, ìwúwo rẹ̀ ti tẹ sípíríǹgì rẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 25 kí ó tó dúró jẹ́ẹ́. Èyí tó ń mì lẹ́ẹ̀kan ààbọ̀ kò ju 11 lọ. Ti ẹ̀ẹ̀mejì, nǹkan bíi 6 péré. Nítorí náà ọmọ mi, bí o bá ti ń rẹ ọkọ̀ sílẹ̀, ìwọ kò ní yíyàn ju kí o jẹ́ kí sípíríǹgì le díẹ̀, ọgbọ́n rẹ sì ni kí o má ṣe rẹ̀ ẹ́ débi tí líle náà yóò fi kọjá ohun tí ìyá rẹ lè fara dà.

Wàyí o, ṣọ́ọ̀kù. Bí n bá ní owó fún ohun kan ṣoṣo, ṣọ́ọ̀kù ni n ó fi rà, n ó fi sípíríǹgì sílẹ̀ bí ó ti wà. Iṣẹ́ sípíríǹgì ni láti gba kòtò. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kù ni láti sọ fún sípíríǹgì pé ó tó, má jó mọ́. Inú rẹ̀, epo ni a ń fipá ti gba ojú ihò kéékèèké, ó sì ní ìwà méjì: ti ìgbà tó ń wọlé, àti ti ìgbà tó ń jáde. Oníṣẹ́ tó dára a máa jẹ́ kí ìgbà ìwọlé rọ̀, kí kòtò lè wọlé láìlù wá, kí ìgbà ìjáde sì le díẹ̀, kí sípíríǹgì má bàa ta ọkọ̀ sókè bí ìbọn. Ṣọ́ọ̀kù tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́, sípíríǹgì tó bá a wá ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún. Bí o bá fi sípíríǹgì tó le tó sì kúrú sí i, kò ní lágbára tó láti dá a dúró, ọ̀pá rẹ̀ yóò sì máa rìn ní ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ nìkan, níbi tí kò yẹ kó máa gbé. Láàárín oṣù díẹ̀ epo yóò máa jò. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí o ra àwọn méjèèjì pọ̀, láti ọwọ́ ẹni tó ṣe ọ̀kan fún èkejì, kí o sì rí i pé rọ́bà ìkángun tuntun wà nínú páálí náà. Lórí erùpẹ̀ tó wú bí ẹ̀yìn ọ̀nì, èyí tí gáàsì wà nínú rẹ̀ dára ju èyí tí kò ní lọ, nítorí pé epo tó ń gbóná tó sì ń hó kò lè di nǹkan kan mú. Ará Faransé kan, Christian Bourcier de Carbon, ló fi gáàsì tí a tẹ̀ pọ̀ ṣe ṣọ́ọ̀kù onílé kan, àwọn Bilstein ní Jámánì sì gbé e lárugẹ.

Mo ní kí n sọ ọgbọ́n kan tí kò ná ni ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Kí o tó ra ohunkóhun, gbé ọkọ̀ sókè, ká rọ́bà ìbora eruku tó wà lára ọ̀pá ṣọ́ọ̀kù iwájú sókè, kí o so okùn rọ́bà tó fún mọ́ ọ̀pá náà, kí ó lè yọ̀ lórí rẹ̀ bí a bá tì í, ṣùgbọ́n kí ó má lè fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, tì í kan orí ilé ṣọ́ọ̀kù, kí o sì fi rúlà wọn àyè tó wà láti ibẹ̀ dé rọ́bà ìkángun. Lẹ́yìn náà gbé àwọn tí o máa ń gbé, kó ẹrù tí o máa ń kó, kí o wa ọ̀nà tí o máa ń wà, ní eré tí o máa ń sá, láìfi ẹ̀tàn kún un. Bí o bá dé, wo ibi tí okùn náà wà. Bí àyè bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 9, tí ọ̀nà Tchamba sì ti ti okùn lọ sí 6, mẹ́ta ló kù fún ọ. Ìyẹn ni owó ọwọ́ rẹ, má yá kún un. Mo ti ṣe èyí lórí ọkọ̀ mélòó kan, èsì rẹ̀ kì í sábà dùn mọ́ ọmọdé nínú.

Ẹrù ńkọ́? Ibí yìí ni àwọn ìwé tí òyìnbó kọ fún òyìnbó kò ti ràn wá lọ́wọ́. Ẹni tó rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ ní Pàrísì, òun àti ajá rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Tiwa, ènìyàn márùn-ún ni, ti iṣu kò tíì kan. Àwọn márùn-ún yẹn nìkan yóò tó kìlógíráàmù 350, ìwúwo náà yóò sì tẹ ìdí ọkọ̀ wọlẹ̀ kí kòtò tó dé rárá. Nítorí náà, bí o bá gbọ́dọ̀ rẹ nǹkan sílẹ̀, má ṣe rẹ ẹ̀yìn sílẹ̀ tó bí o ti rẹ iwájú. Jẹ́ kí ìdí rẹ̀ ga díẹ̀ nígbà tó bá ṣófo. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ yóò fi ọ́ ṣẹ̀sín pé ó dà bí àgbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí ebè. Bí màmá bá ti wọlé pẹ̀lú iṣu wọn, yóò tẹ́jú.

Nígbà tí mo bá ń ronú lórí ẹrù àti ìrẹ̀sílẹ̀, ọkọ̀ kan ni mo máa ń rántí, Citroën DS tí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní Pàrísì ní oṣù kẹwàá ọdún 1955. Ọ̀gbẹ́ni Paul Magès yọ sípíríǹgì irin kúrò lábẹ́ rẹ̀ pátápátá, ó fi agbè irin róbótó kan sí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, gáàsì nitrogen lápá kan, epo lápá kejì, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín wọn. Bí ẹrù bá wọ̀ ọ́, ẹ̀rọ rẹ̀ a fi epo kún un, ọkọ̀ a sì padà sí ìdúró rẹ̀. Gáàsì náà a sì le sí i bí ẹrù ti ń pọ̀ sí i, tó fi jẹ́ pé ó kún tàbí ó ṣófo, mímì rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Igi kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ tí ó fi ń gbé e sókè fún ọ̀nà búburú tàbí kí ó jẹ́ kó lúgọ. Inú irú rẹ̀ ni Ọ̀gágun de Gaulle wà ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ ọdún 1962 ní Petit-Clamart, nígbà tí àwọn tó fẹ́ pa á yìnbọn lu ọkọ̀ náà, tí táyà rẹ̀ jó, síbẹ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ kò dúró títí wọ́n fi bọ́. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé a rẹ̀ sílẹ̀ tí ó sì tù ni lára láìsí àbùkù nìyẹn, ṣùgbọ́n bí epo rẹ̀ bá jò ní Sotouboua, ta ni yóò tún un ṣe fún ọ? Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kaduna ní ọdún 1975, tí ó sì gba ipò kìíní nínú eré Safari ní Kenya ní ọdún 1975 kan náà àti ní 1978, kò mọ ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ gígùn àti sípíríǹgì tó rọ̀ ló fi sin àwọn baba wa. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gé sípíríǹgì 504 lójú mi, kí ó kọ́kọ́ gé mi.

Àwọn ohun kéékèèké kan kù. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa ní ìdúró iwájú tí Earle MacPherson gbìmọ̀ rẹ̀, tí Ford gbé jáde lára Consul àti Zephyr ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1950. Bí a bá rẹ irú èyí sílẹ̀ jù, apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò kọjú sókè, ọkọ̀ yóò sì máa fì sí ẹ̀gbẹ́ ní kọ́nà ju bí ó ti ń fì tẹ́lẹ̀ lọ, ẹni tó ní òun fẹ́ kó rọ̀ mọ́ ilẹ̀ yóò sì rí i pé ó ti ba ti àtẹ̀yìnwá jẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò tún ṣí sí ẹ̀gbẹ́, etí inú táyà yóò máa jẹ tán kí o tó mọ̀. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí o bá pààrọ̀ sípíríǹgì, ọjọ́ náà ni kí o lọ tún ìtọ́sọ́nà ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe, èyí tí a ń pè ní alaìmẹ́ǹtì lápá Nàìjíríà, tí àwọn tiwa ń pè ní paralẹlísìmù. Ní ti rímù ńlá, ẹ̀gbẹ́ táyà ni sípíríǹgì àkọ́kọ́ tí ọ̀nà ń bá pàdé: táyà 205/55 lórí rímù 16 ní ẹ̀gbẹ́ tó ga ní nǹkan bíi mìlímítà 113, táyà 225/40 lórí rímù 18 kò ní ju 90 lọ. Fi 18 sílẹ̀ fún àwọn ará Los Angeles.

Wọn yóò tún fẹ́ ta ṣọ́ọ̀kù tó ní eyín bí ìdè fún ọ, èyí tí a lè fi ọwọ́ yí sókè sódò. Kò burú, bí o bá mọ irú èyí tí o rà. Èyí tó jẹ́ pé ìjókòó sípíríǹgì nìkan ló ń sọ̀ kalẹ̀ ń jẹ àyè ìrìn ṣọ́ọ̀kù bí o ti ń rẹ̀ ẹ́. Èyí tí gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kúrú láti ìsàlẹ̀ fi àyè náà sílẹ̀, ó kù kí o rí i pé táyà kò kan ara ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà lọ́jà, eré ìje ni wọ́n ṣe wọ́n fún, líle wọn kò sì mọ ìyá ènìyàn.

Bí ó bá jẹ́ èmi, fún ọkọ̀ tó ń lọ sí Tchamba lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó sì ń kọjá sí Kambolé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 ní iwájú, 2 péré ní ẹ̀yìn, sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kù láti ilé kan náà, rọ́bà ìkángun tuntun, táyà ẹ̀gbẹ́ gíga tí a kò fi afẹ́fẹ́ kún jù. Ìka méjì ni. Ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò mọ̀ pé nǹkan kan ti yí padà, kò sì ní mọ ohun tó jẹ́, irú ẹwà bẹ́ẹ̀ sì wù mí ju èyí tó ń pariwo lọ, ṣùgbọ́n ojú mi nìyẹn, ojú àgbà ni.

Àkókò mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ẹni tó ń ka ìròyìn ti ń wò mí láti ojú fèrèsé. Mo ti sọ fún ọmọkùnrin náà pé kí ó wá bá mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ó mú rúlà dání, kí ó sì fi ayùn irin sílẹ̀ nílé. A ó so okùn rọ́bà mọ́ ọ̀pá ṣọ́ọ̀kù rẹ̀, màmá rẹ̀ yóò jókòó sí iwájú níbi tí ó tọ́ sí wọn, èmi yóò wà lẹ́yìn pẹ̀lú àpò tó ṣófo, a ó lọ sí Tchamba, a ó ra iṣu, a ó sì padà. Màmá ti ránṣẹ́ sí mi ná pé bí òun bá gbọ́ gbòlà kan péré, ọkadà ni òun yóò wọ̀ bọ̀. Ó dàárọ̀ o.